Àrọ̀ tó fara gbọgbẹ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀: bí mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi gba ẹyin

Ọdún kejì tí mo ń sin ẹja ní Adó-Èkìtì ni mo ra abo àrọ̀ kan lójú ọ̀nà Ìkéré, ó dín díẹ̀ ní kílò kan ààbọ̀. Ọlọ́kadà ló bá mi gbé e wálé nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí. Nígbà tí mo dà á sínú bàsíà, mo rí i pé ara rẹ̀ ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gùn tó ìka méjì, ẹran pupa sì ń yọjú lábẹ́. Etí kẹ́ẹ̀gì tí wọn kò fi nǹkan ra kó dán ló ya á. Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní ẹja kì í mọ ìrora, kí n gún un lábẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹyin tú lálẹ́ ọjọ́ náà kí n má bàa pàdánù ẹyin. Mo gún un. Ní òwúrọ̀, ẹyin tó jáde kò ju ṣíbí ìjẹun mẹ́ta lọ, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo rẹ̀ ti funfun bí ògì. Ìyá ẹja náà kú lọ́jọ́ kẹta.

Láti ìgbà náà, egbò ni mo kọ́kọ́ máa ń wá lára ẹja kí n tó wo ikùn. Ètò tí mo ń tẹ̀lé bí ọ̀kan nínú akọ àti abo tí mo ti yà sọ́tọ̀ bá fara pa ni mo fẹ́ sọ níbí. Àrọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ni mo ń bá wí, Clarias gariepinus nínú ìwé. Ẹni tó ń sin ẹja ẹlẹ́wà nínú gíláàsì lè rí nǹkan mú nínú ọ̀rọ̀ omi àti ìsinmi, ṣùgbọ́n kó má ṣe lo òṣùwọ̀n iyọ̀ mi fún ẹja tí kò ju ìka lọ.

Akọ ló fara pa ni, àbí abo?

Ìbéèrè yìí ló ń pinnu gbogbo nǹkan, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í bi ara wọn. Ẹ dojú ikùn ẹja náà sókè, ẹ wo ẹran kékeré tó yọ lẹ́yìn ihò ìdí rẹ̀. Ti akọ ṣe ṣóńṣó bí ẹnu bírò, ti abo rí roboto, ó sì máa ń pọ́n díẹ̀ bí ẹyin rẹ̀ bá ti gbó.

Abo àrọ̀ ni a máa ń tẹ̀ níkùn kí ẹyin tú jáde, a ó sì dá a padà sómi láàyè. Akọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ tẹ akọ àrọ̀ títí di ọ̀la, àtọ̀ kò ní jáde. Pípa ni a ń pa á kí a tó yọ àpò àtọ̀ méjèèjì tó wà nínú ikùn rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń la akọ tí wọ́n sì ń rán an padà. Èmi kì í ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń kú náà ni.

Nítorí náà, bí akọ ló fara pa, tí irùngbọ̀n rẹ̀ já tàbí tí ìrù rẹ̀ fà ya, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara. Ẹ fi sínú omi mímọ́ tó ní iyọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì lò ó ní ìgbà tí ẹ ti dá tẹ́lẹ̀. Egbò ara kò dé ọ̀dọ̀ àtọ̀. Akọ tí ẹ kò gbọdọ̀ lò ni èyí tí ikùn rẹ̀ wú láìyó, tí ìdí rẹ̀ pọ́n, tí ó ń léfòó láàárín omi bí ẹni tó ti mutí. Ẹ tún rántí ibi tí akọ ń parí sí nílẹ̀ wa: ọjọ́ tí a bá pa á, iyán ló máa bá lórí tábìlì. Ẹ má fún akọ ní oògùn tí ẹ kò ní fẹ́ kó wọ inú ọbẹ̀ yín.

Ti abo ló gba sùúrù. Ara tó ń wo egbò sàn kò ráyè ẹyin. Bí ìnira bá pọ̀ lára rẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹyin tó ti gbó padà sínú ara. Abẹ́rẹ́ kò lè dá èyí padà.

Ẹ wo egbò náà dáadáa

Ẹ má fi ọwọ́ gbígbẹ mú ẹja. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Omi yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀ yẹn ni aṣọ rẹ̀, ọwọ́ gbígbẹ àti àpò sìmẹ́ǹtì tí àwọn kan fi ń di í mú sì ń bọ́ ọ. Tówẹ̀ẹ̀lì tó rin gbindin ni kí ẹ fi bò ó lójú. Bí kò bá ti rí ìmọ́lẹ̀, yóò dákẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹbẹ́ rẹ̀ ní apá méjèèjì. Ó ti gún mi rí ní àtàǹpàkò, mi ò lè di ṣíbí mú fún ọjọ́ méjì.

Bí ó bá jẹ́ irùngbọ̀n ló já, tàbí etí ìrù ló fà ya, ọjọ́ mẹ́ta nínú omi iyọ̀ tó. Irùngbọ̀n a tún hù.

Bí awọ ló bó ní ẹ̀gbẹ́ tàbí ní orí, tí ẹran kò là, ẹ ka ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ẹ ó rí i tí etí egbò ń ṣú wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ọbẹ̀ ń dì láti etí àwo.

Egbò tó wọ inú ẹran, tàbí èyí tó wà ní ikùn tàbí nítòsí ìdí, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ yín máa tẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gba ẹyin, ẹ sì fojú inú wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí ikùn bá là tí ẹ ń rí ìfun, ẹ má jẹ́ kó jìyà mọ́.

Ó ku èyí tó ń tan èèyàn jẹ: ikùn tó wú tí a rò pé ẹyin ni. Ikùn ẹlẹ́yin máa ń rọ̀, ó ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà, bí ẹ bá sì fi àtàǹpàkò rọra tẹ̀ ẹ́ sápá ìdí, ẹyin bíi mélòó kan máa yọ, àwọ̀ wọn á máa lọ sí ti ewé gbígbẹ tàbí búráùn, gbogbo wọn á sì rí bákan náà. Ikùn aláìsàn le bí bọ́ọ̀lù, omi ṣákálá ló ń jáde níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń sun sí ìdí lẹbẹ́. Ẹ gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀ lọ rí dókítà ẹran. Ẹni tó bá wà lápá Ìkọ́lé sún mọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọyẹ́, àwọn tó ń kọ́ nípa ẹja wà níbẹ̀.

Ibùsùn aláìsàn

Ike tó gba 300 lítà tó fún abo kan. Kó dá wà. Àrọ̀ ń gé ara wọn jẹ, èyí tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ bò ó lórí, kí ẹ sì gbé búlọ́ọ̀kù lé ìdérí náà. Ẹja yìí lè fò jáde lóru, kó wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Omi kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kì í ní atẹ́gùn tó. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú dúrọ̀ọ̀mù, kí ẹ sì máa dà á láti òkè kó lè ru. Omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì náà gbọ́dọ̀ sùn. Àrọ̀ lè yọ orí sókè kó mí, nítorí náà kì í tètè kú bí iná bá lọ, ṣùgbọ́n egbò nínú omi tí kò mọ́ kì í jinná.

Ọ̀rọ̀ òtútù ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí. 26°C sí 28°C ló dára jù. Nígbà ọyẹ́, mo ti fi tẹmọ́mítà wọn omi ní ìdájí rí tó jẹ́ 22°C, inú ilé ni o. Ẹni tó wà ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè lórí òkè lọ́hùn-ún mọ̀ pé tiwọn ń tutù ju tiwa ní Adó lọ. Nínú omi tútù, egbò ń falẹ̀, èbu tó ń hù lójú egbò bí òwú funfun sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gbé ike náà wọ inú yàrá, kí ẹ fi fóòmù tàbí páálí yí i ká, kí ẹ sì lo hítà kékeré tí wọ́n ṣe fún ẹja bí owó bá wà. Ẹ má fi irin tí a fi ń se omi ìwẹ̀ sínú omi tí ẹja tàbí ọwọ́ wà nínú rẹ̀ láéláé. Ó ṣe mí bíi kí omi gbígbóná Ìkọ̀gọ̀sì ṣàn wá sí Adó lóṣù Ṣẹẹrẹ, ṣùgbọ́n kò ní í ṣàn wá.

Iyọ̀

Èèyàn á ní, iyọ̀ kẹ̀? Iyọ̀ ọbẹ̀ náà ni. Ara ẹja ní iyọ̀ nínú ju omi tó wà nínú rẹ̀ lọ. Níbi tí awọ bá ti là, omi ń wọlé sára rẹ̀, iyọ̀ ara rẹ̀ sì ń ṣàn jáde, ẹja náà á wá máa fi gbogbo agbára rẹ̀ gbọ́n omi náà dànù tọ̀sán tòru. Bí a bá da iyọ̀ díẹ̀ sómi, iṣẹ́ yẹn á fúyẹ́. Agbára tó bá ṣẹ́ kù ló fi ń wo egbò sàn. Ó tún ń lé àwọn kòkòrò kéékèèké kan kúrò lára rẹ̀.

Gíráàmù 3 sí lítà omi kan ni mo ń lò fún ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́. Omi 300 lítà, ìyẹn gíráàmù 900. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ọwọ́ bù ú. Ẹ yọ́ ọ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ dà á síbẹ̀ ní ìdá mẹ́ta láàárín wákàtí kan.

Níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe nìyí. Lójoojúmọ́ ẹ ó pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà. Iyọ̀ kì í fò lọ bí omi ṣe ń gbẹ. Inú omi tó kù ló wà. Bí ẹ bá yọ 100 lítà, iyọ̀ 100 lítà nìkan ni ẹ ó fi sínú omi tuntun, gíráàmù 300. Ọmọ kan tó ń ràn mí lọ́wọ́ da gíráàmù 900 sí i ní gbogbo òwúrọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kí n tó mọ̀. Ìgbà tí mo rí ẹja tó ń yí ikùn sókè ni mo fi ahọ́n tọ́ omi náà wò. Ẹja náà yè o, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di panla.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé láti ọ̀nà jíjìn, ẹ lè kọ́kọ́ rì í sínú omi iyọ̀ tó le jù, gíráàmù 10 sí lítà kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ má kúrò níbẹ̀. Bó bá yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ yọ ọ́ kíákíá, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú méjì ló lò.

Oògùn ojú egbò

Povidone-iodine, áyódíìnì búráùn tí wọ́n ń tà nílé oògùn, ẹ da ìwọ̀n kan pọ̀ mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án. Ẹ gbé ẹja lé fóòmù tó rin, ẹ bo ojú rẹ̀, ẹ fi òwú tẹ omi egbò náà gbẹ, kí ẹ wá fi òwú mìíràn kan oògùn sí i. Ẹ kà dé ọgbọ̀n, kí ẹ sì bu omi mímọ́ ṣàn án. Kó má dé ojú rẹ̀, kó má sì dé abẹ́ ìdérí orí tó fi ń mí. Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹja jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ láti kan oògùn ń dá egbò tuntun sí i lára ni.

Bí nǹkan funfun bí òwú bá hù lójú egbò, èbu nìyẹn. Mo máa ń gbé ẹja náà lọ sínú ike mìíràn tí kò ní iyọ̀, kí n fi potassium permanganate sí i, gíráàmù 2 sí 1,000 lítà omi. Fún 300 lítà, ìdajì gíráàmù ó lé díẹ̀ ni. Ó kéré débi pé òṣùwọ̀n ilé ìdáná kò ní rí i, ẹ jẹ́ kí ilé oògùn bá yín wọ̀n ọ́n. Omi náà á dà bí ṣóbòrò tí wọ́n bomi là. Bí ó bá tètè di búráùn, agbára oògùn ti tán, ìdọ̀tí inú omi ló jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Malachite green ńkọ́? Bí wọ́n bá fi lọ̀ yín, ẹ dá a padà. Ẹja jíjẹ kọ́ ni wọ́n ń lo ìyẹn fún. Oògùn apakòkòrò bí oxytetracycline náà, kí dókítà ẹran sọ kí ẹ tó lò ó, kí ó sì sọ iye ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi jẹ ẹja náà.

Oúnjẹ, àti ẹnì kejì rẹ̀

Ọjọ́ kìíní, ẹ má fún un lóúnjẹ. Láti ọjọ́ kejì, bí ó bá wọn kílò kan ààbọ̀, gíráàmù 15 lójúmọ́ tó, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tí kò bá jẹ láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹ kó o kúrò. Oúnjẹ tó ní èròjà purotéènì dáadáa, tí kò tíì pẹ́ nínú àpò, nítorí fítámì C inú rẹ̀ tó ń ran awọ lọ́wọ́ láti hù kì í pẹ́ sá lọ. Ìfun adìẹ tí wọ́n ń dà fún ẹja kò wọ yàrá yìí.

Akọ tí ẹ ti yàn, ẹ fi sínú ike tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti abo, kí omi àwọn méjèèjì gbóná bákan náà. Ẹ má dà wọ́n pọ̀ pé kí wọ́n mọ ara wọn. Wọ́n á mọ ara wọn, wọ́n á sì gé ara wọn jẹ.

Ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ tó kàn?

Ojú egbò ti gbẹ, kò pọ́n mọ́. Ẹja ń sáré wá oúnjẹ fún ọjọ́ márùn-ún tẹ̀ léra. Ikùn rọ̀, ẹyin tó yọ rí bákan náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé. Bí egbò bá san tí ikùn sì ti pẹlẹbẹ, ẹyin ti padà sára rẹ̀ nìyẹn; ẹ dá a padà sí táǹkì, kí ẹ fún un lóúnjẹ fún oṣù méjì. Ó ń dunni, pàápàá bí oníbàárà bá ti sanwó ọmọ ẹja sílẹ̀. Ẹ dá owó padà fún un.

Ẹ dín iyọ̀ kù ní ọjọ́ méjì tó gbẹ̀yìn títí kò fi ní sí iyọ̀ nínú omi mọ́ rárá, ẹ má sì fún un lóúnjẹ láti wákàtí mẹ́rìnlélógún sí àsìkò abẹ́rẹ́.

Ovaprim ni oògùn abẹ́rẹ́ náà, ìdajì mílílítà sí kílò kan. Abo tó wọn kílò 1.4 á gba mílílítà 0.7. Inú ẹran ẹ̀yìn ni, láàárín orí àti lẹbẹ́ gígùn ẹ̀yìn, lókè ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kọjá. Ẹ dá abẹ́rẹ́ náà dagun, kó má dúró ṣánṣán. Bí egbò bá ti wà lápá òsì, apá ọ̀tún ni kí ẹ gún. Ẹ fi ìka ra ojú ibẹ̀ díẹ̀ kí oògùn má sun jáde.

Bí omi bá jẹ́ 27°C, ẹyin á tó tẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Bó bá tutù dé 24°C, ó lè tó méjìlá tàbí mẹ́tàlá. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa ń gún wọn, kí ojúmọ́ lè bá mi nídìí wọn. Láti wákàtí kẹsàn-án, ẹ máa wò ó: bí ẹyin bá ń dà jáde nígbà tí ẹ gbé e lórí sókè, ó ti tó. Kí ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù, ẹyin tó ti gbó jù kì í gba àtọ̀.

Abọ́ gbígbẹ ni kí ẹ tẹ ẹyin sí, ẹ nu ara ẹja gbẹ kí omi má kán sínú rẹ̀, nítorí omi ló ń jí àtọ̀, kò sì lò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ láti àyà sápá ìdí, pẹ̀lú ọwọ́ fúfúyẹ́. Ibi tí àpá egbò wà, ẹ fo ó. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ, ẹ dúró níbẹ̀, kódà bí ẹ bá mọ̀ pé ẹyin ṣì kù. Ẹ gé àpò àtọ̀ akọ, ẹ fi omi iyọ̀ tí ẹ ti sè tó sì ti tutù, gíráàmù 9 sí lítà kan, ṣàn án lé ẹyin, ẹ rò ó pọ̀, ẹ bu omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí kakaban, ìyẹn ohun tí a ń tẹ́ sínú omi kí ẹyin lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 27°C, wákàtí mẹ́rìnlélógún sí mẹ́rìndínlógójì, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá ọmọ

Gbogbo ojú á ti wà lára ẹyin nígbà yìí, kò sì sí ẹni tó máa rántí rẹ̀. Ẹ ti tẹ ikùn rẹ̀, ọwọ́ yín ti bọ́ omi yíyọ̀ ara rẹ̀ dànù, abẹ́rẹ́ sì ti gún un lẹ́yìn. Aláìsàn tuntun ni. Ẹ dá a padà sínú ike 300 lítà yẹn, pẹ̀lú gíráàmù 900 iyọ̀, ní òun nìkan, kí ẹ bò ó lórí. Ọjọ́ márùn-ún. Ẹ fi máákà kọ ọjọ́ tí ẹ gba ẹyin sí ara ìdérí náà. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí ẹ tó tún fọwọ́ kan ikùn rẹ̀.